Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lọ́nà Ṣíkà

Ó ti sú Bàbá Tọ́lá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe sú u tó, ẹ wo bó ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìsọ̀ mẹkáníìkì ní PZ nílùú Zaria láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wọ àdúgbò, á kí àgbà, á kí ọmọdé, díẹ̀ ló kù kó béèrè àlàáfíà ewúrẹ́. Mẹkáníìkì kẹfà nìyí láàárín oṣù márùn-ún, ọkọ̀ náà kò sì yéé gbọ̀n.

Othniel ni orúkọ tí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n sí. Bàbá rẹ̀ ló bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Zaria láti Ọ̀fà, òun náà sì wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà yẹn, wọ́n máa ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni Othniel fi ń gbọ́rọ̀. Bó bá dúró lórí irin ilẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á ní bọ́ọ̀tì kan ti tú lẹ́yìn lápá ọ̀tún, wọ́n á lọ wò ó, wọ́n á sì bá a bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré kan, tí Tọ́lá ọmọ rẹ̀ rà ránṣẹ́ láti Àbújá, wá sọ di ẹni tó ń bẹ ọmọ kéékèèké kiri.

Ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì ni, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá kúrò nílé ní Kwangila, á máa lọ wẹ́rẹ́. Kó tó dé Samaru, á ti wúwo. Bàbá á tẹ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ lọ, bíi pé wọ́n so ìtì igi mọ́ ọn nídìí. Bó bá ṣe díẹ̀, sítíárì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní púlọ́ọ̀gì ni, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ẹni kejì ní ẹ́ńjìnnì ni kò jókòó dáadáa. Ẹni kẹta dojú kọ táyà. Ẹnì kan ní irin bíréèkì ti wọ́, ó fá a, ó sì fi páàdì tuntun sí i. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àìsàn náà tún padà dé. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Samaru pàápàá ń pariwo tẹ̀lé e pé iná bíréèkì rẹ̀ kì í kú. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀. Ìyẹn yẹ gbogbo wáyà wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Bàbá ní ojú ọmọ náà ni kò ríran.

Kì í ṣe fàájì ló ń fi ọkọ̀ náà ṣe o. Lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì, òun ló ń gbé Susanna ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Ṣíkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní ìrìn látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Dókítà sì ti sọ ọ́ ketekete: bó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹsẹ̀ náà á padà sí bó ṣe wà. Tọ́lá náà ti sọ tirẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta: "Dádì, tí wíwa ọkọ̀ bá ti di wàhálà, mo ń bọ̀ wá kó ẹ̀yin àti Mọ́mì ni o." Kó wọn lọ sí yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Àbújá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Ìyẹn ló ń ba Bàbá lẹ́rù jù láyé.

Nǹkan kan wà tí kì í sọ. Ó ti pẹ́ tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún un títí pé kó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kí wọ́n wò ó. Á ní ẹsẹ̀ tó wa rélùwéè kì í ṣe ẹsẹ̀ àwòyẹ̀wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jókòó, kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún èrò ní ìjókòó tó mú sálúbàtà òsì rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé. Ìta ló ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ti dé. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín, àfi Susanna.

Bashir lorúkọ mẹkáníìkì kẹfà. Omi gbígbóná láti inú rédíétọ̀ ti bó o lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì fi báńdéèjì dì í. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ọwọ́ yẹn já sí. Àwọn márùn-ún tó ṣáájú, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: "Haba Baba! Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Ta ló máa jókòó gẹlẹtẹ ní Zaria kí àgbàlagbà máa wa òun kiri? Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń wà á lọ wò, ọkọ̀ á sì máa sáré bí ọkọ̀ tuntun. Wọ́n á dé, wọ́n á ní kò ní nǹkan kan. Inú á wá bí Bàbá, wọ́n á fi ojú àánú wò ó, wọ́n á sì pààrọ̀ nǹkan kan fún un kó lè lọ sílé.

Ojú ń ti Bashir. Èdè Haúsá ló fi bẹ̀ ẹ́. "Baba, don Allah, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ mi ò ṣeé fi di sítíárì mú. Ẹ̀yin lẹ máa wà á, èmi á máa gbọ́ ọ."

Wọ́n mú ọ̀nà Samaru pọ̀n. Bashir yọ etí síta láti ojú fèrèsé. Kò pẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ́ńjìnnì ń ké, sítíárì mú gbígbọ̀n.

"Ó ti dé!" ni Bàbá wí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ yọjú sí kóòtù. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ṣé mo purọ́?"

Bashir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tó ń dún nísàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Baba, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì yín kúrò lórí bíréèkì."

"Ẹsẹ̀ òsì wo? Nílẹ̀ ló wà."

Bashir nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bàbá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúró, ó wo ilẹ̀. Sálúbàtà aláwọ̀ pupa tí Susanna rà fún un lọ́dún Kérésì rèé lórí bíréèkì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹrù ẹlòmíì. Ó ní kí ẹsẹ̀ náà gbéra, ó gbéra. Ó tún gbé e lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Bó tẹ irin ni o, bó tẹ òwú ni o, kò mọ̀. Nínú ọkọ̀ Pijó rẹ̀ àtijọ́, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti ọdún gbọ́nhan. Kílọ́ọ̀ṣì kò sí mọ́, ẹsẹ̀ ti wáṣẹ́ míì fún ara rẹ̀ láìsọ fún olówó rẹ̀.

Bashir sọ̀ kalẹ̀, ó ta omi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ níwájú. Omi náà hó ṣàà, èéfín sì rú. "Baba," ó ní, "ọkọ̀ yín ò…"

"Má parí ẹ̀," ni Bàbá wí.

Ó dùn ún, ojú sì tì í. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó rẹ̀ ẹ́, irú èyí tí oorun kì í wò. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Bashir láìjẹ́ pé ìyẹn béèrè. Ọwọ́ kan ni Bashir fi wà á padà sí PZ, ọkọ̀ ò sì gbọ̀n mọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Bàbá délé, Susanna wà lórí àga, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún yí ìgò ike kan lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ṣíkà. Bàbá rò ó fún un látòkèdélẹ̀, kò fi ìkan pamọ́. Ìgò náà ò dúró.

"Mo mọ̀," ni Susanna wí.

"O mọ kí ni?"

"Mo ti ń rí i láti ìgbà òjò, Bàbá Tọ́lá."

"O rí i, o sì dákẹ́?"

"Gbogbo ohun tójú bá rí kọ́ lẹnu ń sọ. Tí mo bá sọ, Tọ́lá á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà á wá jókòó sílé bíi tèmi. Mo ní kí n kúkú máa gbàdúrà lọ."

"Tí mo bá wá pa wá ńkọ́?"

"Bíréèkì lẹ ń tẹ̀," ni Susanna wí. "Ibo la fẹ́ sáré dé?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá, ẹkún sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó jókòó tì í, ó ń wo ìgò tó ń lọ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ sí Ṣíkà. Láti ilé títí dé ọ̀hún, kò sí kòtò ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ náà kò kó sí. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti pe Susanna, Bàbá á lọ jókòó sínú ọkọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, á sùn títí wọ́n á fi ṣe tán. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ, ó tẹ̀ lé e wọlé.

"Dádì, aláìsàn nìkan ló ń wọlé o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ta ni aláìsàn nínú yín?"

"Àwa méjèèjì ni."

Susanna gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sún díẹ̀. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ bàtà òsì.