Rọ́bà Dúdú Tó Wà Lára Mọ́tò Sikiru

Ẹ̀yin èèyàn mi, mọ́tò ló pa bàbá mi lẹ́kún lónìí.

Àwọn ló fún Sikiru àbúrò mi ní mọ́tò náà. Wọ́n ti kọ "Àdúrà Ìyá Mi" sára bùútù rẹ̀, láti fi rántí ìyá tó bí wọn.

Sikiru gbé e jáde lọ́jọ́ kan. Nígbà tó máa gbé e padà wálé, ó ti di dúdú kirikiri. Bàbá ní ó ti fi pẹ́ńtì pa àdúrà ìyá àwọn rẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí Sikiru bá ṣe sálámà sí wọn, wọn kì í dáhùn.

Sikiru kú lẹ́yìn Iléyá.

Láàárọ̀ yìí ni mo ń fọ mọ́tò náà nínú àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Mo rí i pé etí àwọ̀ dúdú náà ti ṣí níbì kan lára bùútù. Mo fà á, ó sì ń tẹ̀lé ọwọ́ mi bí awọ ojú ògì tó ti tutù.

Rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò ni! Kì í ṣe pẹ́ńtì rárá. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ búlúù àtijọ́ ń dán, "Àdúrà Ìyá Mi" sì pé síbẹ̀.

Mo pe Bàbá. Wọ́n ń fọwọ́ tọ àwọn lẹ́tà náà.

"Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ṣeé bó ni?"

"Ó sọ fún mi. Ó ní rọ́bà lásán ni, pé òun ò fọwọ́ kan àdúrà Màmá. Mo ní kó kúrò níwájú mi."

Wọn ò jẹ́ kí n bó ìyókù. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, wọ́n ṣì jókòó ti mọ́tò náà, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra: "Wa alaikum salam, Sikiru."

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ bàbá tiyín ni, kí lẹ máa sọ fún wọn?