Àpò Ẹ̀jẹ̀ Tó Di Yìnyín

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ mi gbàgbé oúnjẹ, ẹ sáà bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ó parí nìyẹn. Á fi ṣíbí sílẹ̀, á nu ẹnu, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ọbẹ̀ á sì tutù síwájú rẹ̀. Láàbù ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó bá fẹ́ fún ni, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló ń tọ́jú èyí tí wọ́n máa fà sí aláìsàn lára. Olóyè Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èmi, Alásọjù ni mò ń pè é, ó sì mọ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èèyàn dáadáa ni. Kì í mutí, kì í rin ìrìnkurìn, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ọmọdé kì í mọ ìgbà tó fa abẹ́rẹ́ yọ. Àléébù kan ló ní: ó fẹ́ràn kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Àwọn àgbà sì kúkú ti wí i, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá mi ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nǹkan kan hù sí i nínú, ìrora rẹ̀ kì í jẹ́ kó lè jókòó dáadáa. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Nínú gbogbo àwa ọmọ, ti àbúrò mi ọkùnrin nìkan ló bá a mu. Ọ̀nà jíjìn lọmọ yẹn ti wá. Ó na apá, wọ́n gbà á, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ní láìsí ẹ̀jẹ̀ yẹn nítòsí, òun ò ní fi ọ̀bẹ kan màmá.

Fíríìjì ńlá wà ní láàbù tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, àmọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i látàárọ̀ dalẹ́. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ìyàwó òun ò ní sí nínú ìyẹn. Ó gbé àpò náà sí fíríìjì kékeré inú yàrá tirẹ̀, lábẹ́ ibi tí yìnyín ti máa ń dì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan fíríìjì náà ni, kò tíì tutù. Ló bá yí bọ́tìnì rẹ̀ dé òpin, kó lè yára tutù. Tó bá ti dé ìwọ̀n, á yí i padà. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Kò tíì jókòó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì fi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó ṣàlàyé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn fún àwọn. Háà! Wọ́n ti rí i mú.

"Ẹ má rò pé ògiri ni awọ yẹn," ó ní. "Ògiri kọ́ o! Ọ̀rá ni, ìpele méjì. Gbogbo ẹyọ ọ̀rá yẹn ló ní orí, tó ní ìrù. Orí fẹ́ràn omi. Ìrù kórìíra omi bí ológbò. Omi sì wà níta sẹ́ẹ̀lì, omi wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n máa ṣe? Ìpele kan á kọ orí síta, èkejì á kọ orí sínú, wọ́n á fi ìrù pamọ́ sáàárín. Ẹnikẹ́ni ò dè wọ́n mọ́ra, síbẹ̀ wọn ò tú ká. Ojú kan kọ́ ni wọ́n sì ń dúró sí, wọ́n ń yọ́ kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Purotéènì tó ń ṣe ilẹ̀kùn fún wọn gan-an, ṣe ló ń léfòó láàárín wọn."

Ọ̀kan nínú wọn bi í pé tí òtútù bá mú un ńkọ́.

"Bọ́tà ilé yín ńkọ́? Ṣebí nínú ooru ó máa ń rọ̀, nínú òtútù ó máa ń le. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé ń bú yẹn ló ń wọ àárín wọn, tí kì í jẹ́ kó le jù, tí kì í jẹ́ kó ṣàn jù. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ di yìnyín o! Yìnyín á gún awọ yẹn ya. Tó bá fi máa yọ́, gbogbo pupa inú rẹ̀ á ti dà síta. Ẹni tó bá fa irú ẹ̀ sí aláìsàn lára, ó fẹ́ pa á ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Onígbálẹ̀, obìnrin tó ń tún láàbù ṣe, dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó fara ti igi ìnulẹ̀ rẹ̀. Kò sí ìgbà tí ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gbọ́. "Tíṣà mi, ẹ ò ní í ṣe tì láéláé!" ló wí. Orí ọkọ mi wú. Ó sin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dé géètì, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, láti ibẹ̀ ló sì gba ilé wá. Àní ó ń súfèé wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ti màmá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá sí ẹnu ọ̀nà láàbù. Inú yàrá ni ọkọ mi wà. Ó ti fa àpò ẹ̀jẹ̀ yẹn yọ, ó le gbagidi bí òkúta. Ó dúró tì í títí ó fi yọ́. Omi orí rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí òróró ti pupa yòò. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún un. Ó mọ̀.

Ọ̀gá wọn obìnrin wọlé, ó wo àpò, ó wo fíríìjì, ó rí i pé bọ́tìnì wà lópin.

"Ta ló yí èyí?"

Ọkọ mi tẹjú mọ́ àpò ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá yíjú sí Ìyá Onígbálẹ̀. "Ṣebí ìwọ lò ń nu fíríìjì yìí?"

"Mà, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Ta ni ká wá sọ pé ó yí i, iwin? Bọ́ épúrọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Máa lọ sílé."

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ mi. "Tíṣà mi, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò kì í fọwọ́ kan nǹkan yín. Ọmọ mi ò tíì jáde ilé ìwé, sà. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

Etí ọ̀tún ni ọkọ mi ń fà. Yéè! Mo mọ etí yẹn. Tó bá ti jẹ̀bi, ibẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ. Mò ń wò ó pé, sọ̀rọ̀, ìwọ ọkùnrin yìí, ẹnu tí kì í sinmi, òní ló wá pa dé?

Ìyá Onígbálẹ̀ tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Èmi ni."

Ohùn ọkọ mi kò ròkè rárá. Ọ̀gá ní, "Kí lo wí?" Ó di dandan kó tún un sọ.

"Èmi ni mo yí i. Mo fẹ́ yí i padà, mo gbàgbé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá bẹ Ìyá Onígbálẹ̀ pé kó má bínú, kó mú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Obìnrin náà mú un, ó so ó, ó wá wo ọkọ mi lójú.

"Ẹ ti wà níbẹ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan, sà," ló wí. "Gbogbo bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ẹ wà níbẹ̀."

Ojú tì mí! Èmi tí mi ò fọwọ́ kan fíríìjì, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí. Màmá kàn di ọwọ́ mi mú lórí kẹ̀kẹ́, ó ní ká máa lọ sílé.

Ó di ìgbà tí ara àbúrò mi tún lè fún ni lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ọ̀dọ̀ wa ni màmá ti dúró dè é. Tí ìrora bá dé, a máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀, ọkọ mi á dìde, á lọ dúró sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ṣe é nígbẹ̀yìn, ara rẹ̀ sì yá, ọpẹ́ ni. Ọkọ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá, màmá sì ti dárí jì í. Àwọn aládùúgbò ń tù wá nínú pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọn ò rí ojú Ìyá Onígbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Agbè gan-an ló fọ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbi iṣẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn sì wọlé. Wọ́n ní kó ṣàlàyé awọ sẹ́ẹ̀lì fún àwọn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. Ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ má rò pé ògiri ni o," ó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Onígbálẹ̀ ń nulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lọ.

Ojú ọkọ mi tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ náà ń retí. Ọ̀kan ní, "Sà, tí òtútù bá wá mú un ńkọ́?"

"Ó wà nínú ìwé yín," ló dá a lóhùn. Ó fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.