Agogo Mẹ́ta Nínú Eré Lindiwe

Abẹ́ apá aṣọ ni mo fi í mọ eré olórin tó dára. Bí eré bá parí, tí mo gba aṣọ lára òṣèré, tí abẹ́ apá rẹ̀ gbẹ, ẹni yẹn kàn fẹnu kọrin lásán ni. Ṣùgbọ́n bó bá tutù dé ìbàdí, a jẹ́ pé ó fi gbogbo ara ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nídìí máṣíìnì mi ní Iléṣà, tí mo wá sí Johannesburg, iṣẹ́ títọ́jú aṣọ òṣèré ni mò ń ṣe. Mo ti fọ aṣọ eré ńláńlá tí pátákó ìpolówó rẹ̀ ga ju ilé lọ. Kí n má parọ́, púpọ̀ nínú wọn ló gbẹ lábẹ́ apá.

Èmi ni mo máa ń rán aṣọ, èmi ni mo máa ń lọ̀ ọ́, èmi náà ni mo máa ń dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì láti pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó wọlé bí ìyàwó gbọ́dọ̀ tún jáde bí opó kí wọ́n tó gbé ègbè orin. A kì í lo bọ́tìnnì fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìkọ́ la fi ń dè é lẹ́yìn, bọ́tìnnì ojú rẹ̀ wà fún ẹwà ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọkùnrin ará Durban kan tí kì í rẹ́rìn-ín, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ma Bísí, bí òǹwòran bá fi rí ẹ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn." Mo ní ọmọ Òṣómàáló ni mí, àwa kì í sá fún ojú èèyàn. Kò rẹ́rìn-ín síyẹn náà.

Nínú gbogbo eré tí mo bá ṣiṣẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò wá wò ló dára jù lójú mi. Ó ń bí mi nínú títí dòní. Lindiwe ló kọ ọ́, ọmọbìnrin ará Soweto kan tó máa ń rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ìtàn ìyá ìyá rẹ̀ ni, tí gbogbo wa ń pè ní Gogo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Súlú ṣe ń pe ìyá àgbà. Nígbà tí Gogo wà léwe, ó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Jeppestown. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣubú lé máṣíìnì, ó sì kú. Ọ̀gá wọn lu agogo ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé kí kálukú padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n gbé òkú gba ẹ̀yìn jáde, àwọn obìnrin yòókù sì ń ránṣọ lọ. Bí Lindiwe ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn: orin á dákẹ́, agogo á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn máṣíìnì nìkan la ó máa gbọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni mo máa ń wá nǹkan fi nu ojú.

Àga òfìfo ló ń wò wọ́n. Gbogbo ìlú ti lọ wo eré kan tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, tí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn fò wà nínú rẹ̀. Alákòóso gbọ̀ngàn wa ní ọjọ́ Sunday la máa ṣe é kẹ́yìn. Lọ́jọ́rú, Lindiwe wọ yàrá aṣọ, ó jókòó lórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Ma Bísí, Gogo ní òun ń bọ̀ ní Saturday."

"Òun tó ní òun ò ní wá láéláé? Ọlọ́run ṣeun."

"Eish, Ma, kò yé yín. Ṣé àga òfìfo ni kó wá bá? Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó bìkítà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó tún rí i lẹ́ẹ̀kejì."

Ojú ọmọ náà pọ́n. Mi ò lè sọ fún un pé kó dìde lórí aṣọ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, ní Troyeville, a sì máa ń ṣe àdúrà ní òwúrọ̀ Saturday. Mo lọ bá Ìyá Ìjọ wa, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kó àwọn èèyàn wá lẹ́yìn àdúrà.

"Bísí, irú eré wo ni? Ṣé kì í ṣe ti ayé?"

"Ti àwọn aránṣọ ni, Màmá. Ọ̀kan kú nínú wọn, wọn ò jẹ́ kí àwọn yòókù sunkún rẹ̀."

Ó mi orí títí. "Ṣé ká wọ sùtánà wa wá, àbí ká lọ pààrọ̀?"

"Ẹ máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá. Kẹ́ ẹ má pẹ́ ni."

Wọ́n dé lọ́jọ́ Saturday nínú takisí mẹ́ta, funfun báláú. Wọ́n bọ́ bàtà wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bi mí pé ṣé wọ́n wà lára eré ni. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n wọlé jàre. Gogo wà níwájú pátápátá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó yíjú pa dà, ó wo àwọn èèyàn náà, ó sì gbé ọrùn sókè díẹ̀. Inú Lindiwe dùn débi pé ó dì mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ ìjọ wa. Bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a kì í béèrè ìdí. A ó kúnlẹ̀ ni, a ó sì ké "Mímọ́" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mò ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, tí mo sì ń gbọ́ ti eré yìí lójoojúmọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí láti fi ọ̀kan wé èkejì.

Ọ̀rẹ́ Gogo ṣubú lórí ìtàgé. Orin dákẹ́. Sipho tó ń ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé agogo, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbọ́ tí orúnkún gbogbo ìjọ kanlẹ̀ gbì.

"Mímọ́! Mímọ́! Mímọ́!"

Ìyá Ìjọ bá gbé àdúrà: "Olúwa, gba ọmọ rẹ tó ṣubú sẹ́nu iṣẹ́!" Wọ́n ṣe àmín. Ìtìjú bò mí, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lindiwe fa apá mi.

"Ma, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ti ba eré mi jẹ́!"

"Agogo ni, Lindiwe. Agogo la gbọ́. Jọ̀ọ́, máà bínú."

Ó yẹ kí àwọn òṣèré tó ń ṣe aránṣọ tẹ máṣíìnì, kò sẹ́ni tó lè gbé ẹsẹ̀. Sipho dúró pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, ó sorí kọ́. Nígbà náà ni Gogo fi ọ̀pá rẹ̀ ti àga, ó rọra kúnlẹ̀, ó sì sunkún. Ọwọ́ Lindiwe dẹ̀ lára apá mi.

Nígbà tí eré parí, Gogo lọ bá Ìyá Ìjọ. Géẹ̀sì díẹ̀díẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ ké nígbà tí agogo dún?"

"Mímọ́. Ti Ọlọ́run ni ẹni náà, a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un."

Gogo pè é, kò gún. Ìyá Ìjọ tún un pè fún un, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Alákòóso gbọ̀ngàn ní eré náà wọ òun lára, ṣùgbọ́n ìpinnu kò yí padà. Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará ìjọ wà nínú ìsìn. Àga òfìfo tún gba gbogbo ilẹ̀. Lindiwe bẹ Gogo kó má wá, Gogo ní òun ń bọ̀. Ó tún jókòó síwájú pátápátá, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí ariwo kankan. Mo rí Gogo láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó di àga mú, ó kúnlẹ̀.

"Mímọ́!"

Sipho gbé agogo sílẹ̀. Àwọn aránṣọ dìde nídìí máṣíìnì. Gogo ké e lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bá a ké e. Lindiwe fi mí sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé lójú gbogbo àga òfìfo yẹn, ó kúnlẹ̀ ti ìyá àgbà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ké ẹ̀kẹta.