Mo Ní Kí Wọ́n Gbé Tẹlifíṣọ̀n Daddy Padà

Mo lé tẹlifíṣọ̀n Daddy padà lónìí, mi ò sì mọ̀ pé tiwọn ni.

Ọ̀dọ̀ Daddy àti Mummy, àgbà méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni mo ń gbé ní Padova, ní Ítálì. A ti gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nílé yìí. Fíríìjì o, áyọ́ọ̀nù o, orí fóònù la ti ń rà á. Àwọn corriere tó ń kó ẹrù wá kì í yéé tẹ citofono, aago ẹnu ọ̀nà wa.

Ti òní gbé páálí ńlá dání. "Signor Lasisi?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ó gbé e lọ.

Daddy ti ibi iṣẹ́ dé. "Wọ́n kọ ọ́ sórí fóònù mi pé ẹnì kan nílé mi ní òun ò mọ̀ mí."

Mo yọ́ bá Mummy ní kíṣìnnì. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ Daddy gan-an?"

"Bàbá Títí ni. Orúkọ wo lo tún ń wá?"

Ó rú mi lójú. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo lẹ ṣe ń bi àgbàlagbà lórúkọ? Ẹ tètè fèsì. Daddy ń bèèrè ẹni tó wà nílé lọ́sàn-án, èmi nìkan sì ni.