Pẹ́ńsù Télọ̀

Mo jowú pẹ́ńsù kan rí. Etí ni télọ̀ wa ní Sabon Gari máa ń há a sí. Ọkùnrin yìí kò kọjá Fagge, àdúgbò tó wà nítòsí wa, rí, àmọ́ bí o bá yá a ní ìwé ìtàn ẹlẹ́wọ̀n tó sá, á kọ èrò rẹ̀ sí i: “Ọ̀rẹ́, o ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó. Kí lo jẹ?”

Èmi tíṣà ni mò ń ra ìwé. Ìyàwó mi á ní, “Bàbá Ìbejì, èyí ṣì mọ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé e fún télọ̀.”

Lọ́jọ́ kan, mo yọ́ fi pẹ́ńsù kọ tèmi sínú ìwé tuntun: “Ò ń sá, o tún ń kọrin? Ṣé ọlọ́pàá ò létí ni?”

Ìyàwó mi kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Haba! Télọ̀ yìí á pa mí!”

Mo rọra ti pẹ́ńsù mi bọ àpò. Mo ní, “Orí ọkùnrin yẹn pé.”