Ọjọ́ Tí Mo Pe Onílé Wa ní Ẹrú Mi

Òórùn kíliṣí ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Niamey. Alápatà kan wà lẹ́yìn ilé wa tó jẹ́ pé kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń tẹ́ ẹran sórí ẹní tó fi igi gbé sókè, ẹran tó ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ti fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata pa lára. Tí oòrùn bá wá bà á báyìí, òórùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé, á jí mi kí ìyá mi tó jí mi. Ẹran yẹn fẹ́lẹ́ débi pé lọ́jọ́ kan mo gbé ẹyọ kan sókè, mo gba inú rẹ̀ wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá lórí odò, mo sì ka èèyàn inú rẹ̀: méje, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan. Ọmọ mi obìnrin tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Accokeek, ní Maryland níbí, sọ pé irọ́ ni. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀ díẹ̀. Niger ni orílẹ̀-èdè tó jókòó lé wa lórí nínú máàpù. Ilẹ̀ wọn fẹ̀ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní òkun. Ibi yòówù kó o kọjú sí, ilẹ̀ ẹlòmíì ni wàá kàn. Aṣálẹ̀ ni wọ́n ní lókè, odò Ọya ni wọ́n ní nísàlẹ̀, odò Ọya wa yìí náà, tó máa ń yà kí wọn kó tó wá kí wa. Bàbá mi, ọmọ Ṣakí, bá ọkọ̀ akẹ́rù débẹ̀ nígbà tí Faransé ṣì ń jọba, ó ń ta táyà kẹ̀kẹ́, ṣéènì àti ìjókòó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà nílé ìwé Faransé. Olùkọ́ wa ya máàpù Niger sójú pátákó, mo ní ó jọ ẹja tí wọ́n ti gé ìrù rẹ̀, ó sì fi ẹgba dá mi lóhùn. Gbogbo ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì tí mo gbà nìyẹn. Èyí tó kù, ooru ló kọ́ mi. Ooru ibẹ̀ máa ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wa á fi sáré wọlé, á fi wá sílẹ̀ níta.

Onílé wa ni Bàbá Àgàlí. Tùárẹ́gì ni, ìran tí ọkùnrin wọn máa ń fi láwàní bo ẹnu àti imú, tó fi jẹ́ pé ojú méjì péré la mọ̀ mọ́ ọn. Yàrá méjì la gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ìta. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun àti bàbá mi máa ń jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásàrí, wọ́n á mu tíì, ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á sì dìde bí ẹni tó ti rojọ́ tẹ́rùn. Bàbá mi ní kò sí ọ̀rẹ́ tó dà bíi rẹ̀ láti Ṣakí títí dé ibẹ̀.

Àràárọ̀ ni ìyá mi ń tì mí lọ síwájú rẹ̀ kí n lọ kí i. "Fi ẹnu ẹ sílé o," ló máa ń sọ, "àyà nìkan ni kó o gbé lọ." Mo máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn. Bàbá Àgàlí á gbójú sápá kan, á mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ẹ wá wo Hàmídù, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nílé kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bíi tèmi, ọmọ Sàbàrímà, àwọn tó ni etí odò níbẹ̀, tí gbogbo wa ń sọ èdè wọn láàárín ọjà. Hàmídù kì í kí ẹnikẹ́ni. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pariwo sí Bàbá Àgàlí:

"Ẹrú mi, ta ló ní kó o jókòó? Ṣé o ti pọnmi?"

Bàbá arúgbó yìí á rẹ́rìn-ín títí láwàní á fi yọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ta ni ẹrú? Bàbá ńlá rẹ ló ń bá bàbá ńlá mi fọ ẹsẹ̀ ràkúnmí. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n fọ̀." Lẹ́yìn náà, á tọwọ́ bàpò, á fún Hàmídù ní dàbínù mẹ́ta, èso aládùn àwọn ará aṣálẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tó bú u gba dàbínù mẹ́ta. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gba iyanrìn símú. Mo fi orí ọmọ kíláàsì mẹ́rin ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ṣírò rẹ̀ bọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ń jáde. Mo wá lọ sẹ́yìn ilé, mo fi ewúrẹ́ ìyá mi ṣe Bàbá Àgàlí, mo bú u bí Hàmídù ṣe máa ń bú u. Ewúrẹ́ náà kò bínú. Mo gbà pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Àléébù kan tó ti ń bá mi bọ̀ láti kékeré ni pé mi ò lè rí ohun tẹ́lòmíì ṣe kí n má fi tèmi kún un. Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni mo yàn. Mi ò mọ̀ pé àna Bàbá Àgàlí méjì ti dé láti Agadez nínú aṣálẹ̀, àwọn àgbà ọkùnrin gíga méjì, ràkúnmí wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó sórí ẹní, Bàbá Àgàlí ń da tíì fún wọn bí wọ́n ṣe máa ń dà á, láti òkè gíga sínú ife kékeré kó lè hó. Mo dúró níwájú wọn, mo fọwọ́ síbàdí.

"Ẹrú mi, ta ló ní kó o jókòó níwájú àlejò? Ṣé o ti gbàgbé pé àpò iyọ̀ kan ni mo fi ra bàbá rẹ, iyọ̀ náà sì ti rin?"

Tíì yẹn dúró lójú afẹ́fẹ́. Kò dé inú ife, kò sì padà sókè. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn àna dìde. "Ọmọ ta nìyí?"

Bàbá mi ti gbọ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wọ agbádá funfun fún ìrun Jímọ̀, agbádá kan ṣoṣo tó ní fún un. Ó sáré jáde, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, ó na gbọọrọ sórí iyanrìn, sáàárín ìgbẹ́ ràkúnmí. "Ẹ má bínú. Èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa. Ẹ má bínú." Èèyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Bàbá Àgàlí rọra gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, ó gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sókè, ó wọlé, ó sì jẹ́ kí aṣọ náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ń retí ẹgba. Ẹgba ò dé, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi lọ ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́nu aṣọ yẹn, tí kò gbọ́ ìdáhùn. Á padà sí ṣọ́ọ̀bù, á mú ṣéènì kan lọ́wọ́, á máa wò ó. Ìyá mi ti ń fi aṣọ di àwo. "Tí wọ́n bá ní ká kó jáde," ó ń sọ fún àwo náà, kì í ṣe fún mi, "ta ni yóò gba àlejò tí ọmọ rẹ̀ ń pe onílé ní ẹrú?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyá àgbà Hàmídù wọlé tọ̀ wá wá. Wọ́n ti ròyìn fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ṣé ẹ rí wa," ó ní, "àwa àti àwọn Tùárẹ́gì, àwọn àgbà wa ti bára wọn jà, wọ́n ti kó ara wọn lẹ́rú, wọ́n sì ti fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó di eré. Àwa ń bú wọn, àwọn náà ń bú wa, ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àárín àwa méjèèjì ni. Ọmọ yín ò sí ńbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó já wọ yàrá tọkọtaya, tó ní òun náà fẹ́ gbọ́ àwàdà."

Bàbá mi dorí kodò. "Kí la fẹ́ ṣe báyìí, Mama?"

"Ohun kan tún wà nínú eré náà. Tí èmi bá bẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ kọ̀ fún mi." Ó fa etí mi, ó ní, "Ó yá, ọlọ́rọ̀."

Etí yẹn gùn ju ìkejì lọ títí dòní. Ẹ wò ó dáadáa tí ẹ bá rí mi ní mọ́sáláṣí.

Ó dúró lẹ́nu aṣọ Bàbá Àgàlí, bàbá mi wà lẹ́yìn wa. "Ẹrú, jáde wá. Olówó rẹ ló ń pè ọ́."

Ohùn kan jáde láti inú òkùnkùn. "Olówó wo? Arúgbó tí kò léyín yìí?"

"Orí ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ti jẹ eyín mi tán. Jáde."

Ó jáde. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ ọmọ mi ló fi eré wa sẹ́nu àjòjì. Ẹjọ́ mi ni. Mo bẹ̀ ọ́." Mo ti na sílẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Bàbá Àgàlí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí léèrè jẹ́jẹ́:

"Kí ni mo ṣe ọ́?"

Irọ́ mẹ́ta ni mo ti tò sílẹ̀ láti ilé: pé Hàmídù ló rán mi, pé ibà ló ń ṣe mí, pé àlùjọ̀nnú kan gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jọ ti ẹni tó ń bínú. Ó jọ ti ẹni tó fẹ́ mọ̀.

"Mò ń dọ̀bálẹ̀ fún yín lójoojúmọ́," mo wí fún iyanrìn. "Ẹ kì í fún mi ní dàbínù. Hàmídù ń bú yín, ẹ̀ ń fún un."

Bàbá Àgàlí dìde. Ó yí sí bàbá mi. "Ṣé ìkíni nìyẹn lọ́dọ̀ yín? Mo rò pé Ọlọ́run lọmọ yín ń forí balẹ̀ fún, pé ó kàn jẹ́ iwájú mi ló bọ́ sí ni. Mo máa ń gbójú kúrò kí n má bàa gba ohun tí kì í ṣe tèmi."

Bàbá mi fọwọ́ kan fà mí dìde.

"Ìwọ fúnra rẹ lo lé mi wọlé," Bàbá Àgàlí ní. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò tó ohun tí mo lè bínú sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin bíi tèmi na sílẹ̀ níwájú mi, lójú àwọn àna mi. Ìtìjú yẹn ni mi ò fi lè dá ọ lóhùn. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò ọ́." Ó na ọwọ́. Bàbá mi wo ọwọ́ náà bí ohun tó já bọ́ látọ̀run, kó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá mi lọ tú àwo.

Ní tèmi, Bàbá Àgàlí ní mi ò gbọdọ̀ bú òun mọ́, mi ò sì gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀. Kí n máa wá lẹ́yìn Àlàásàrí, kí n máa ròyìn ilẹ̀ àwọn bàbá mi fún òun. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ìyẹn ò dá mi dúró. Mo sọ fún un pé Ṣakí wà létí òkun, pé erinmi ibẹ̀ ń kírun. Ó bi mí bóyá òkun náà ní etí kejì bíi ti odò. Mo ní ó ní, wọ́n ṣì ń tún un ṣe ni. Ó mi orí gidigidi, bí ẹni tó gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí ibi tí mo ti kọ́ irọ́ pípa, ibẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbé e kọjá Èkó, títí dé Maryland, tí aṣọ́bodè kankan ò fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ Bàbá Àgàlí, mo bẹ àwọn àna rẹ̀. Bàbá mi nìkan ni mi ò bẹ̀. Ìyá mi fọ agbádá yẹn lẹ́ẹ̀mejì, àbàwọ́n náà ò lọ tán, bàbá mi sì ń wọ̀ ọ́ lọ kírun bẹ́ẹ̀. Ó kú sí Ṣakí nígbà tí mo ń ṣọ́ ilé ìtajà kan ní Temple Hills níbí. Mo rò pé màá sọ ọ́ fún un tí mo bá lọ sílé.

Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo sọ fún ọkùnrin kan tó ń gbé lápá ọ̀tún wa, àgbà aláwọ̀ funfun, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, pé koríko iwájú ilé rẹ̀ dà bí orí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń fá nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti juwọ́ sí wa mọ́. Ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó dín dòdò, ó gbé mi sínú ọkọ̀, nítorí ilé jìnnà síra wọn níbí, ọkọ̀ la fi ń lọ kí aládùúgbò. Nígbà tí a dé iwájú ilé náà, ó ní, "Ó yá, Daddy."

Mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún mi kì í dùn mí.

Ó lọ. Mo ń wò ó láti inú dígí: ó gbé àwo náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, fún ọkùnrin tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí ẹnu mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mò ń sọ fún yín yìí, òpònú ni, onílara ni, etí ni wọ́n sì fi fà á, ṣùgbọ́n ó dé ẹnu ọ̀nà náà. Èmi wà nínú ọkọ̀ tí a ti pa iná rẹ̀, mo de bẹ́líìtì.