Ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Bísóyè Lábẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Àǹtí Bísóyè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ pè mí ní àjẹ́. Nígbà tí ọmọ mi kẹta kú, ó fi abẹ gé etí òkú náà kí àbíkú má baà padà wá, ó ní èmi ni mò ń pa wọ́n jẹ. Fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, ló pa wọ́n. Ilé ìwòsàn ti sọ fún mi pé mo gbé àbùkù náà nínú ẹ̀jẹ̀, pé bàbá wọn náà ní láti gbé e kí ọmọ tó lè ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kú láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ní ọdún tí ìjọba kó lọ sí Àbújá, dókítà kan gbé ẹ̀rọ tuntun tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dé Olówógbowó ní Èkó. Mo ránṣẹ́ sí Àǹtí, ọmọ ìyá àti bàbá ọkọ mi, pé ká jọ lọ. Ó gbà kíá: “Ẹ̀jẹ̀ ilé wa mọ́ bí omi òjò.”

Ìdájí ni mo wọ Píjò ní Ìjẹ̀bú-Òde, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo pa ilẹ̀kùn dé gbàà.

“Màmá, ẹ rọra o,” ni dírẹ́bà wí, “kì í ṣe ilé ọkọ yín.”

“Ká ní ilé ọkọ mi ni, ǹ bá ti fà á tu.”

Èrò rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Lẹ́yìn Ṣágámù, kòtò lásán ni. Ní Ìdúmọ̀tà mo jẹ ẹ̀wà àgànyìn ní ìdúró, ohun tí ìyá mi ì bá tìtorí ẹ̀ gbá mi létí nílé. Mo gba Jankara dé Ìsàlẹ̀ Èkó níbi tí Àǹtí ń gbé, mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Àwa méjèèjì rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà.

“Ẹ̀yin ìyá,” ni dókítà wí, “mo fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gíláàsì yìí. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ń di jíìnì àìsàn náà mú.” Jíìnì ni ogún tí òbí ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. “Tí jíìnì náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ tí mo tàn sí i á yà, ìlà á sì gòkè lójú ẹ̀rọ níbí.”

“Ẹ tètè ṣe é,” ni Àǹtí wí, “kí ìyàwó yìí lè lọ fi ojú rẹ̀ pamọ́.”

Ó fa ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì, a sì dúró títí di ọ̀sán. Ìlà tèmi gòkè. Lẹ́yìn náà tirẹ̀ gòkè, wọ́n dọ́gba.

“Ẹ̀yin náà gbé e, mà,” ni dókítà sọ fún Àǹtí.

Mo ní, “Àǹtí, etí ta ni ká gé báyìí?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti padà dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti rò pé àìmọ̀ ló ṣe mí níkà. Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a pínyà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Àǹtí Bísóyè di ọwọ́ mi mú, ó ní: “Ìyàwó, mo ti mọ̀ tipẹ́, mo kàn rò pé kò sí lára tèmi ni. Ìyá wa sin mẹ́ta kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ. Ẹnìkan ní láti ru ẹ̀bi náà, ìwọ sì ni àlejò.”